Ínṣì Méjì

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni bíríkìlà náà sọ lọ́jọ́ yẹn, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó sì sọ wọ́n kíákíá bí ẹni tó sín.

"Omi ni."

Ìyàwó Tíṣà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn ilé wọn, ó di ìbàdí mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n igbe kò jáde. Ilé ẹ̀gbẹ́ ni bíríkìlà ti ń rẹ́ ògiri nígbà tó gbọ́ gbì, òun ló sì kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò fi máa pé jọ, èyí pẹ̀lú ìfófó ọṣẹ lọ́wọ́, èyí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, Tíṣà náà ti sáré dé láti ilé ìwé tó wà ní ìkóríta, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára ìka rẹ̀. Ó bi gbogbo wọn pé, "Kí ló gbé e ṣubú?" Gbogbo ojú sì yí sí ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Bíríkìlà wo àtẹ̀gùn. Ó gbẹ táútáú. Oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin Tíṣà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó dúró lórí fàràńdà pẹ̀lú àkísà tó fi ń nu ilẹ̀ inú ilé kí ìyá rẹ̀ tó jáde. Ìgbà yẹn ló sọ ọ́. Kò nawọ́ sí ọmọ náà. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó kàn ní omi ni, gbogbo ojú sì fi òun sílẹ̀, wọ́n lọ bà lé àkísà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Oṣù mẹ́ta ni obìnrin náà lò lórí ibùsùn kó tó kú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú tí Tíṣà kó aṣọ ọmọ náà sínú àpótí kékeré kan, ó sì fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò lè máa rí i kóun má rí omi.

Ohun tí bíríkìlà mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nìyí. Òun ló kọ́ àtẹ̀gùn yẹn. Márùn-ún ni, ínṣì mẹ́fà mẹ́fà ló sì yẹ kí ìkọ̀ọ̀kan ga. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, fàràńdà ṣì wà ní ìhòòhò. Ó gbàgbé pé wọ́n ṣì máa tẹ́ sìmẹ́ńtì ìparí lé e kó lè dán. Sìmẹ́ńtì yẹn nípọn tó ínṣì méjì. Nígbà tó gbẹ tán tí ó tún na téèpù, mẹ́rin ìsàlẹ̀ jẹ́ mẹ́fà mẹ́fà, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn, tó wọ fàràńdà, jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tirẹ̀ tilẹ̀ fo èje kọjá.

Kò sí bíríkìlà tí kò ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Èyí tí ó ní làákàyè á fọ́ ọ, á tún un ṣe, nítorí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í wo àtẹ̀gùn, kíkà ló ń kà á. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ méjì, ó ti mọ bí yòókù ṣe ga, kò tún ní bèèrè lọ́wọ́ ojú mọ́. Òun náà ti pinnu pé tílẹ̀ bá mọ́, òun á fọ́ ọ. Àfi bí Tíṣà ṣe dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó rí ìṣirò tó fi èédú kọ sára ògiri, tó bú sẹ́rìn-ín níwájú àwọn lébìrà.

"Ẹ wá wo ìṣirò o! Èèyàn sá fún ìwé kẹta, ó wá ń kọ́lé fún tíṣà!"

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ dà sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Lóòótọ́ ni bíríkìlà fi ìwé kẹta sílẹ̀. Tíṣà mìíràn ló nà án níjọ́ kan lórí ìwé tí kì í ṣe òun ló ya á, kò sì padà sílé ìwé náà mọ́ títí ayé. Ó ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Nínú ara rẹ̀ ló ti wí pé, "Kó máa gun ínṣì méjì ẹ̀ lọ." Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n kó wọ ilé tuntun náà ni ìyàwó Tíṣà jáde láti lọ rajà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ kò sí.

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ dìde lórí ibùsùn. Nígbà tí kò dìde, ó ní kí wọ́n sin ín tán. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ọmọ ti lọ, ó wá di pé ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọdún gorí ọdún. Àdúgbò tó jẹ́ ti àwọn tọkọtaya tuntun nígbà yẹn, tí igbe ọmọ ọwọ́ kì í jẹ́ kéèyàn sùn, darúgbó pọ̀ mọ́ àwọn tó kọ́ ọ. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ. Àwọn òbí jókòó. Wọ́n ti ti ilé ìwé ìkóríta pa nítorí kò sí ọmọ tí yóò lọ síbẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta súìtì ọmọdé tẹ́lẹ̀ ti ń ta ìpara oríkèé àti rọ́bà ìdí ọ̀pá. Etí gbogbo wọn ti wúwo débi pé bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, èèyàn lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìta dé ìparí rẹ̀ kí gbólóhùn kan má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ a máa pè lórí fóònù pé, "Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa." Àwọn òbí á ní, "Kí n wá jókòó sí pálọ̀ yín bí ẹrù tí àlejò gbàgbé? Níhìn-ín, bí iná bá kú, mo mọ ibi tí ọwọ́ mi ń lọ." Òótọ́ ni. Ilé tí èèyàn ti gbé fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ara ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.

Ẹni tó ń mú wọn dúró ni Ìyá Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Láràárọ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé, á fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ jí?"

"Rárá o, òkú ló ń dá ọ lóhùn!"

"Ẹ sọ fún òkú kó mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ kó tó jẹun o."

Bíríkìlà náà di arúgbó láàárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, eékún rẹ̀ ti di ọ̀tá rẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Kògbàgbé, torí kò sí ẹni tó lè di ẹnìkan sínú bíi tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní ìparí ìta tí kò kí láti ọdún méjìdínlógún nítorí ó yá àkàbà rẹ̀, ó sì dá a padà láìnù. Ṣùgbọ́n Tíṣà ni olórí àwọn tí kò kí. Òdìkejì ara wọn gan-an ni ilé wọn wà. Bí Tíṣà bá jókòó sí fàràńdà, Kògbàgbé á yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìṣirò ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó sàn fún un kí wọ́n pe òun ní olóríkunkun. Oríkunkun ni aṣọ tó fi bo ọgbẹ́, aṣọ náà sì ti pẹ́ lára rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ máa ń gbàgbé nígbà mìíràn pé ìbínú kọ́ ni kò jẹ́ kóun lè wo ojú ọkùnrin yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kó gbàgbé pátápátá. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Tíṣà máa ń wá. Ó ti di obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú, ó ní mọ́tò kékeré kan. Á gbé báàgì oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀. Kó tó gun àtẹ̀gùn bàbá rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu àkọ́kọ́. Bó bá gbẹ, á tẹ̀ ẹ́. Á tún fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìkejì. Bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti ń jẹ́ kó wá, kò jọ pé ó mọ̀ mọ́ pé òun ń ṣe é. Kògbàgbé ń wò ó láti fèrèsé. Sátidé kọ̀ọ̀kan, bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn bá ti kan sìmẹ́ńtì, ó ń dà bíi pé ojú òun ló ń nù.

Ní ọjọ́ Tusidé kan, Ìyá Nọ́ọ̀sì gbá ilẹ̀kùn Kògbàgbé, ó wọlé, ó sì jókòó. Kì í sábà jókòó.

"Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú Tíṣà lọ́la. Á sùn sọ́sibítù lálẹ́ méjì."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbọ́n ju pé kí n bínú lọ. Dókítà ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa bá a gbé fún oṣù méjì, kó máa kán oògùn sí i lójú lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ọmọ ẹ̀ ti gbàyè níbi iṣẹ́. Ó ní òun á wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Kò dáa. Bàbá ẹ̀ kọ̀. Ó ní ọjọ́ Sátidé ló lè máa wá, kò ní sun inú ilé òun. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní ẹni tó da omi síwájú ìyá ẹ̀, òun ò ní gbà kó tún máa da omi sí òun lójú."

Kògbàgbé wo ife tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Títí dòní?" ló wí.

"Títí dòní. Tí kò bá sì rí ẹni bá a gbé, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ rántí Ìyá Télọ̀. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Kì í ṣe àìsàn ló pa á o, kò kàn mọ ibi tó wà ni. Bó bá jí lóru, ó ń fọwọ́ wá ògiri tí kò sí níbẹ̀." Ó dìde. "Ẹ̀yin ń bínú torí ìṣirò, òun ń bínú torí omi. Ẹ̀yin bàbá yìí! Ẹ fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ dé sàréè, bóyá wọ́n ń rà á níbẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, tíì tutù mọ́ Kògbàgbé lọ́wọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ fi ń bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ òtítọ́ tí eékún ń dùn. Kò kúkú ju pé kó sọdá títì, kó la ẹnu, kó wí i. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti dé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ti dógùn-ún. Ó wá ọ̀nà mìíràn, ó sì rí i: òun á tún àtẹ̀gùn náà ṣe. Tí Tíṣà bá ti wà lọ́sibítù, òun á mú ínṣì méjì yẹn kúrò níbẹ̀, ohun tí kò sí mọ́ kò ní lè pa ẹlòmíràn. Ó ní ìyẹn náà, ìjẹ́wọ́ ni. Ọwọ́ ló fi dá a, ọwọ́ ni kó fi tún un ṣe. Kí ni ẹnu fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bí wọ́n ṣe gbé Tíṣà lọ, Kògbàgbé fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti sìmẹ́ńtì ààbọ̀ àpò sọdá títì. Ó fi òòlù àti irin ṣán ojú àtẹ̀gùn ní wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, kí èyí tó jẹ́ tuntun lè di èyí tó jẹ́ àtijọ́ mú. Bí èèyàn bá kàn da ínṣì méjì lé ẹyọ kan, àṣìṣe náà á kàn sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e ni. Pínpín ni wọ́n ń pín in. Ó pín ínṣì méjì náà fún àtẹ̀gùn márààrún bí ìyá ṣe ń pín ẹran kan fún ọmọ márùn-ún kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Ohun tó kan ìkọ̀ọ̀kan kò tó ààbọ̀ ínṣì.

Ọkùnrin kan tó ti fìgbà kan rí wa tírélà, tó jẹ́ pé ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí, dúró wò ó.

"Kògbàgbé! Ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni, àbí ilé Tíṣà lẹ wà yìí?"

"Sìmẹ́ńtì ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kó di òkúta."

"Ó dáa o. Ọkàn yín ti di òkúta tipẹ́, ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ńtì rí tiẹ̀ gbà."

"Ẹ máa wa ọ̀pá yín lọ. Ẹ má fi já sí gọ́tà."

Gbogbo ìta gbọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé omi tútù wá fún un, ó ń wò ó bí ẹni tó rí adìẹ tó ń wẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo sọ pé ẹ máa gbàgbé lọ́jọ́ kan." Kògbàgbé gba omi, kò wo ojú rẹ̀. Ìyìn náà ń ta á lára ju ọ̀rọ̀ awakọ̀ lọ. Nígbà tó parí, ó ta okùn, ó tẹ́ téèpù, gbogbo wọn dọ́gba bí eyín ọmọdé. Ó fi àpò tútù bò wọ́n. Lóru ọjọ́ yẹn, ó sùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ Tíṣà fi mọ́tò rẹ̀ gbé bàbá rẹ̀ dé. Aṣọ funfun bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ojú òsì náà kò ríran ju òjìji lọ. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àkọ́kọ́. Ó rí i pé tuntun ni. Ó wo ìta yíká, ó di apá bàbá rẹ̀ mú, wọ́n sì gùn ún ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Lókè, àwọn ará àdúgbò sọ fún Tíṣà ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́. Ó yíjú sí ìhà ilé Kògbàgbé, ó sì ké:

"Bíríkìlà! Wọ́n ní o tún àtẹ̀gùn mi ṣe!"

Kògbàgbé wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó rántí pé ọkùnrin náà kò lè rí ọwọ́.

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!" Tíṣà tún gbóhùn sókè. "Mo bú ọ níjọ́ náà, mo mọ̀ pé mo bú ọ. Lọ́la màá fẹsẹ̀ ara mi rìn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ!"

"Ẹ má ṣèyọnu," ni Kògbàgbé wí, ṣùgbọ́n ó wí i bí ẹni tó ń bá àyà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọmọ Tíṣà sùn sọ́dọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ náà, torí bàbá rẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló ń kán oògùn fún un. Láàárọ̀, ọmọ náà padà wá, ó gbálẹ̀, ó sì ń fọ abọ́ nínú kíṣìnnì nígbà tí Tíṣà dé fìlà, tó ṣílẹ̀kùn, tó jáde sí fàràńdà lóun nìkan.

Kògbàgbé rí i láti fèrèsé. Ó rí i tó fi ọwọ́ kan òpó, bí ó ti ń ṣe láràárọ̀. Ó rí i tó jẹ́ kí ara rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ díẹ̀, tó tẹ orúnkún, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé e, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ kì í wo àtẹ̀gùn. Mẹ́jọ ni ẹsẹ̀ Tíṣà ti ń kà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èyí tó burú ni ẹsẹ̀ yẹn mọ̀, òun sì ti mú un kúrò níbẹ̀ láìsọ fún un, ní ọ̀sẹ̀ tí kò ní ojú tí yóò fi wò ó.

"Tíṣà! Ẹ dúró!"

Etí Tíṣà kò gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pàdé ilẹ̀ ṣáájú àsìkò. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Fìlà ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀.

Kògbàgbé kò mọ bí òun ṣe sọdá títì. Nígbà tó débẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì ti kúnlẹ̀ ti Tíṣà, ó ti di igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú. Awakọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. Àwọn tó lè rìn ti ń bọ̀, àwọn tí kò lè rìn ti ṣí fèrèsé.

"Ọrùn ọwọ́ ló dá," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Orí ẹ̀ kò kàn. Ìbàdí ẹ̀ kò kàn. Ẹ ṣọpẹ́. Ojú ló fà á, ó ṣì tètè ju kó dá jáde lọ."

Ìgbà yẹn ni ọmọ Tíṣà sáré jáde láti inú ilé. Ó dúró lórí fàràńdà, omi àti ìfófó ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

 Gbogbo wọn kàn wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níbẹ̀ níjọ́ kìíní.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló tutù. Ibi tó fọwọ́ kàn ló di dúdú fún omi. Ó wo ibẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"O ti da omi síbẹ̀, àbí?" Tíṣà bi í láti ilẹ̀. Kò pariwo. Ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́. "O tún ti da omi síbẹ̀."

"Mi ò mọ̀, bàbá mi. Mo gbálẹ̀ ni, mi ò… Bóyá ó kán sílẹ̀. Bóyá èmi ni." Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń nù ún, kò dúró. "Bóyá èmi ni. Ẹ má bínú."

"Ó tó," ni Tíṣà wí. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ pe àwọn èèyàn ilé ìtọ́jú yẹn. Kí wọ́n wá gbé mi. Ẹsẹ̀ mi ti tán. Ilé yìí kò fẹ́ mi mọ́."

Kògbàgbé dúró láàárín wọn, kò sẹ́ni tó wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Bó bá dákẹ́, á lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ojú ló fà á, wọ́n á ní omi ló fà á, wọ́n á gbé Tíṣà lọ, ọmọ náà á sì gbé èkejì rù mọ́ èkíní lọ sílé. Wọ́n tilẹ̀ á máa yin bíríkìlà pé ó gbìyànjú.

"Tíṣà," ló wí. Ó tẹ̀ síwájú. "Kì í ṣe omi. Èmi ni."

Tíṣà fi ọwọ́ tó dáa ká etí. "Omi ni? Kí ni mo ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan?"

"Rárá. Èmi. Èmi ni."

"Mo gbọ́, mo ní omi ni."

Awakọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Kògbàgbé, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbójú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí.

"Kí lẹ wí, Bàbá Bíríkìlà?"

"Sọ̀rọ̀ sókè," ni Tíṣà wí bí ìgbà tó ń bá kíláàsì wí. "Sọ ọ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."

Kògbàgbé mí sínú. Ó rọra fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ ní orúnkún títí tó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ lè sún mọ́ etí ọkùnrin náà. Ó sì la ohùn bí ẹni tó ń pe lébìrà lórí òrùlé. Àwọn tó wà ní fèrèsé gbọ́ ọ dé ìparí ìta.

"Ẹsẹ̀ yín kò tán, Tíṣà! Àtẹ̀gùn yìí ni mo yí padà! Èyí tó wà lókè fi ínṣì méjì ga ju yòókù lọ láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ. Àṣìṣe mi ni. Mo rí i kí ẹ tó kó wọlé. Mo fẹ́ fọ́ ọ. Ẹ bú mi níwájú àwọn lébìrà, mo wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ẹ máa gùn ún lọ. Èyí tí mo fi sílẹ̀ yẹn ló gbé ìyàwó yín ṣubú. Lọ́sẹ̀ yìí mo mú un kúrò nígbà tí ẹ kò sí nílé, kí n má bàa sọ ọ́. Òun náà ló tún gbé ẹ̀yin ṣubú."

Tíṣà kò mira. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣí ń wá ibi tí ohùn náà ti ń bọ̀.

"Wọ́n ní omi wà níbẹ̀," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́. "Níjọ́ náà. Wọ́n ní omi ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí. Ta ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀?"

 Lórí fàràńdà, ọmọ Tíṣà ti dẹ́kun nínu ọwọ́.

Kògbàgbé yí ọrùn rẹ̀ wò ó. Kò tíì wo ojú rẹ̀ tààrà láti ọjọ́ tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ìdí kankan mọ́ láti la ohùn, obìnrin náà gbọ́ràn dáadáa, síbẹ̀ ó là á.

"Àtẹ̀gùn gbẹ lọ́jọ́ náà, ọmọ mi. Gbígbẹ ló gbẹ. Inú ilé lo ti ń nulẹ̀, àkísà ọwọ́ rẹ kò dé ìta rárá. Mo rí i pé ó gbẹ, mo rí ọ, mo sì sọ pé omi ni. Kì í ṣe pé mo ṣì í rí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́."